Ọṣẹ Lẹ́yìn Oúnjẹ, Omi Lásán Ṣáájú

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń já ẹrù sójú títì. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni. Ẹ má tíì ṣí ewé yìí kọjá o! A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, “Ọwọ́ fífọ̀ kẹ̀? Ṣebí a ti gbọ́ ọ títí etí wa fi kún.” Òótọ́ ni. Ohun tó jẹ́ ká tún gbé e wá gan-an nìyẹn. Gbogbo wa la ti gbọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a ò sì ń ṣe é.

Ní ọjọ́ ọjà kan lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, méjì nínú wa bá àwọn tó ń ra gààrí lọ sí ọjà oko kan tí wọ́n ń ná ní ọrúnọrún. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, a yà sí ìsọ̀ ìyá olóúnjẹ kan, a jókòó. Ibi tí a jókòó sí, a ń wo àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń dé. Awakọ̀ dé, aláàárù dé, àwọn tó wá ra ẹ̀gẹ́ náà dé. Kálukú bu omi díẹ̀ nínú garawa, ó kó ìka bọ̀ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n nù, ó di inú òkèlè. Kò sí ẹnì kan tó béèrè ọṣẹ. Nígbà tí wọ́n wá jẹun tán, tí epo ọbẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ẹ wá gbọ́ ariwo: “Ìyá, ọṣẹ dà? Ìyá, ẹ bá wa wá ọṣẹ!” Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n gbé ọwọ́ sí imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tún un fọ̀.

A wo ojú ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà tán lójú wa, nítorí pé àwa náà ti jẹun tán, àwa náà ti ń nawọ́ sí ọṣẹ. Ṣáájú oúnjẹ, omi lásán ni a fi ṣanwọ́, bíi tàwọn yòókù.

Èdè wa mọ̀ pé ṣíṣan yàtọ̀ sí fífọ̀. Èyí tí ìbá ṣe wá láǹfààní, a ń ṣan án. Èyí tó kàn jẹ́ ti epo àti òórùn ẹja, òun là ń fọ̀. Ohun tó ń mú wa wá ọṣẹ ni ohun tí ojú rí tàbí tí imú gbọ́. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kò ní epo lára, kò sì ń rùn.

Ẹ jẹ́ ká sì bi ara wa níbo ni ọwọ́ náà ti ń bọ̀. Ó ti gba owó náírà tó ti inú ìró bọ́ sínú bàtà, tó ti inú bàtà bọ́ sábẹ́ àga mọ́tò. Ó ti di ẹsẹ̀ adìyẹ mú. Ó ti lọ sẹ́yìn ìsọ̀, níbi tí gbogbo wa ń lọ tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti nu ìdí ọmọ. Òun náà ló tún gbé àkàrà fún oníbàárà, tó sì po ògì fún ọmọ ọwọ́.

Ọ̀kan nínú wa ní ọmọ-ọmọ kan lọ́dọ̀ lóko. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́, àmọ́ ká má dárúkọ òun. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìgbẹ́ gbuuru mú un ní alẹ́ ọjọ́ ọjà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú ọmọ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ń sunkún, omijé ò jáde. Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e sí, ìyá-ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ àyà, ó ń pe orúkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà kó má baà sùn lọ. Wọ́n fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò nílé ìwòsàn, wọ́n sì fa omi sí i lára. Ọmọ yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohun tí ìyá yìí wá sọ fún wa ni pé láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ló nu ìdí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, òun kán sí ọjà, òun ṣanwọ́ sínú abọ́ kan, òun sì po ògì fún àbúrò. Kò sẹ́ni tó lè búra pé ibẹ̀ ló ti wá. Òun kò jiyàn rẹ̀, àwa náà kò sì sọ pé ibẹ̀ ni. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ìyá yìí kì í po ògì láì fọṣẹ kan ọwọ́.

Bóyá àwọn kan á sọ pé ọṣẹ kékeré kò lè tó nǹkan. Ẹ gbọ́ èyí. Ní ìlú Karachi, lórílẹ̀-èdè Pákísítánì, láàárín 2002 sí 2003, àwọn olùwádìí pín ọṣẹ fún àwọn ìdílé ní àdúgbò àwọn tálákà, wọ́n sì ń lọ sílé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lò ó. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ilé tí wọn kò fún lọ́ṣẹ. Ìgbẹ́ gbuuru lára àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 fi 53 nínú 100 dín kù. Òtútù àyà lára àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 dín kù sí ìdajì. Èyí tó dùn mọ́ àwa oníṣòwò jù ni pé ọṣẹ olówó ńlá, èyí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí, kò ṣe ju ọṣẹ lásán lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta ọṣẹ fún yín tó ní tòun nìkan ló ń pa kòkòrò, ẹ bá a ná an dáadáa.

Ó dáa, bí ó bá rí báyìí, kí ló dé tí a kì í lè ṣe é pẹ́? Ẹ rántí ọdún 2014, nígbà tí Ẹbólà wọ Èkó lóṣù keje. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú, kí àjọ ìlera àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ní gbogbo àkókò yẹn, ta ni kò fọwọ́? Ọmọ kékeré ń fọwọ́, àgbà ń fọwọ́, àwọn tó ń kí ara wọn ń fi ìgúnwọ́ kan ìgúnwọ́. Nígbà tí ó lọ, a jókòó. Kòrónà dé ní 2020, a tún dìde, garawa ẹlẹ́rọ wà lẹ́nu gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò lè wọ báńkì láì fọwọ́. Ẹ wá wò ó lónìí. Inú garawa mìíràn ni wọ́n ń rẹ ẹ̀wà sí.

Ní ọjà oko tí à ń sọ yìí, àwọn àlejò kan gbé garawa ńlá mẹ́ta wá ní ọdún kòrónà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin tí wọ́n kùn lọ́dà. Wọ́n pín fìlà àti ẹ̀wù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. A kì í bú ẹni tó fún ni ní nǹkan. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè ẹni tí yóò máa pọn omi sí i. Odò jìnnà, kànga ọjà sì máa ń gbẹ tó bá di oṣù kejì ọdún. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni wọ́n tò wọ́n sí, níbi tí fọ́tò ti dára, tó jìnnà sí olóúnjẹ, tó tún jìnnà sí ṣáláńgá. Ní ọjọ́ ọjà kejì, ọṣẹ orí wọn ti rìn. Ní ọjọ́ ọjà kẹta, omi tán. Nígbà tí a débẹ̀, ẹsẹ̀ irin kan ṣoṣo ló kù, ọmọ aláta so àgùntàn mọ́ ọn.

Ìyẹn ló jẹ́ ká gbà pé kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé ẹ̀kọ́. Omi ni kò sí níbi tí ọwọ́ wà.

Àwọn àgbà Ìbàràpá tó wà láàárín wa mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ rántí sọ̀bìà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní i ní Nàìjíríà lọ́dún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ẹni tó ní i kẹ́yìn jẹ́ ti ọdún 2008, ní 2013 àjọ ìlera àgbáyé sì fọwọ́ sí i pé a ti bọ́. Ohun púpọ̀ ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kànga tuntun wà níbẹ̀, oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi ìkùdù náà wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀kan tí àwọn obìnrin fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni aṣọ ìsẹ́ tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìkòkò omi. Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn. Aṣọ ti wà lẹ́nu ìkòkò. Ẹni tó bá da omi sí i ti sẹ́ ẹ náà nìyẹn, ì báà rántí sọ̀bìà, ì báà má rántí. Kò sẹ́ni tó ń dúró lé e lórí láti wàásù fún un.

Ṣé ọwọ́ náà lè rí bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì ní ìgbèríko Bangladesh, wọn kò kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlera kankan. Wọ́n kàn la ọ̀nà láti ilé ìgbẹ́ dé ibi omi, wọ́n fi ọ̀dà ya ojú ẹsẹ̀ sí ọ̀nà náà, wọ́n sì ya àtẹ́lẹwọ́ síbi omi. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ 100 bá jáde nílé ìgbẹ́, 4 péré ló ń fi ọṣẹ fọwọ́. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n parí iṣẹ́ náà, ó di 68. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó di 74. Àwọn ọmọ ń tẹ ẹsẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ ni, bí eré, ọ̀nà ló ń mú wọn lọ.

Ní Gúúsù Íńdíà pẹ̀lú, lọ́dún 2011, wọ́n lọ sí abúlé 14. Nínú 7, wọ́n ṣe eré àti fíìmù. Wọn kò sọ̀rọ̀ àrùn rárá. Wọ́n fi ìyá kan hàn tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ níwà ọmọlúàbí, tí ọwọ́ fífọ̀ wà lára rẹ̀. Wọ́n tún fi ọkùnrin ọ̀bùn kan hàn tó ń fi ọwọ́ ìdọ̀tí rẹ̀ pò ohun dídùn fún àwọn ènìyàn. (Ẹ ò ní rántí ẹnì kankan o!) Wọ́n ní kí àwọn ìyá jẹ́jẹ̀ẹ́ ní gbangba. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ní ìgbà 37 nínú 100 tó yẹ kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́, wọ́n fọ̀ ọ́. Ní àwọn abúlé tí wọn kò tíì dé, 6 péré ni. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, 37 kò tíì tó ìdajì. A ò ní fi ṣakọ. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kò ju 1 tàbí 2 lọ.

A padà sí ọjà oko yẹn lẹ́yìn oṣù kan, àwa àti àwọn aṣáájú ibẹ̀ jókòó lábẹ́ igi odán. Ọ̀rọ̀ omi ni a kọ́kọ́ sọ, nítorí obìnrin tó ru omi láti odò kò ní dà á nù sórí ọwọ́ bí ẹni tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ti rí kẹ́ẹ̀gì olókùn níbì kan. Zimbabwe ni wọ́n ti ń lò ó láti nǹkan bí 1980 sí 1989, akèrègbè ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe é, kẹ́ẹ̀gì kò tíì dé ọ̀rọ̀ náà. Kò gba owó rárá. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 5. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan sí i lára lápá òkè, nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ díẹ̀. Ẹ ki igi bọ ibi ìdìmú rẹ̀, kí ẹ gbé igi náà lé orí igi méjì tó ya lórí, tí ẹ ti rì mọ́lẹ̀. Ẹ so okùn mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kí okùn náà sọ̀ dé ara igi kékeré kan nílẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ igi ilẹ̀ yìí, kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀ síwájú, omi á máa dà tín-ín-rín. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀, omi dá. Kò sí ọwọ́ tó kan nǹkan kan. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà di àbàtà. Ẹ̀rọ táàpù, ọwọ́ ìdọ̀tí la fi ń ṣí i, ọwọ́ mímọ́ la sì ń fi tì í. Èyí sàn jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ tó ń rìn, a rí ọgbọ́n ta sí i. Ẹ gba ìgò rọ́bà tó gba lítà kan ààbọ̀. Ẹ da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń fọṣọ sí i, gíráàmù 30, ẹ fi omi kún un, ẹ mì ín pọ̀. Ẹ lu ihò kékeré sí ìdérí rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì. Èèyàn á fún un sọ́wọ́ díẹ̀, á fọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ jí omi ọṣẹ? Ọ̀rọ̀ yìí pa àwọn ìyá lẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí, ìgò kan kò tíì sọnù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọ̀rọ̀ ìtìjú. Bàbá kan tó jẹ́ oníbàárà àtijọ́ dé ìsọ̀ ìyá olóúnjẹ, ọmọ ìsọ̀ ní, “Bàbá, ẹ lọ fọwọ́ yín níbẹ̀ yẹn.” Bàbá bínú. “Ṣé ọwọ́ tèmi ló dọ̀tí? Àbí owó tèmi ló dọ̀tí?” Ó dìde, ó lọ jẹun níbòmíràn. Ìyá fi ìyẹn kọ́gbọ́n. Ó ní òun rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò nílé bàbá òun, tí wọ́n máa ń bu omi sí àgbà lọ́wọ́, tí wọn kì í ní kó lọ wá omi fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó gbé abọ́ òfìfo kan kalẹ̀, ó mú ìgò ọṣẹ lọ́wọ́ kan, kẹ́tùlù omi lọ́wọ́ kejì. Kó tó bu ẹ̀bà rárá ló ti ń lọ láti orí àga dé orí àga: “Ẹ bá mi mú ọwọ́ wá, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi, mú tìrẹ náà wá.” Kò sẹ́ni tó lè bínú sí èyí. Bàbá yẹn ti padà wá, òun gan-an ló ń sọ fún àwọn ọmọ ọ̀kadà pé, “Ẹ dúró kí Màmá bomi sí yín lọ́wọ́.” A rí i pẹ̀lú ojú wa.

Àwọn kẹ́ẹ̀gì jẹ́ mẹ́rin. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ṣáláńgá, ní ojú ọ̀nà gan-an, débi pé ènìyàn kò lè jáde láì kọjá lára rẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn onífùfú. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń pọn omi ní ọjọ́ ọjà tirẹ̀, ìlà tó bá jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì gbẹ sì ń san owó ìtanràn sínú àpò ọjà. A kò ní parọ́ pé ọ̀rọ̀ ìtanràn yìí kò dá ìjà sílẹ̀. Àwọn alágbo ní àwọn kì í fọwọ́ kan oúnjẹ, kí ni àwọn ń pọn omi fún? Ìyálọ́jà ní ṣé wọn kì í lọ sẹ́yìn ìsọ̀ ni? Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán títí di ìsinsìnyí, wọ́n sì ti sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Àwa tí à ń kọ̀wé yìí náà ní ohun tí a fẹ́ jẹ́wọ́. Ní ọjà wa nígboro, tí omi ẹ̀rọ wà ní ìsọ̀ kẹta sí wa, kò sí ọṣẹ kankan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ títí a fi ti oko dé. Oko ló kọ́ wa. A ti so ìgò síbẹ̀ báyìí, ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ akunlé sì ti ṣèlérí pé òun yóò ya ojú ẹsẹ̀ pupa sílẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibẹ̀. Ó ní ọ̀dà ni ká rà fún òun, owó iṣẹ́ òun di ọ̀fẹ́.

Ní ti ọjà oko, ìròyìn tó dé sí wa kẹ́yìn ni pé okùn kẹ́ẹ̀gì àwọn ẹlẹ́ran ti já, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tó ń lọ ra ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn mú okùn ọ̀rá dání, ìwọ̀n apá mẹ́ta ti tó.